Ọdẹ ni Baba Àgbẹ̀

Àwọn àgbà a máa sọ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Òwe yìí bá iṣẹ́ àgbẹ̀ wí ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé léèrè lónìí pé ta ni ó kọ́kọ́ dá oko, ọ̀kan nínú ìdáhùn méjì ni yóò fọ̀. Ó lè ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ènìyàn ti ń roko. Ó sì lè ní àwọn ará Ìlà Oòrùn ni Ọlọ́run fún ní ọgbọ́n náà, kí wọn tó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ìdáhùn méjèèjì kò tọ̀nà. Èkíní gbàgbé ọdẹ. Èkejì gba iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ wọn, ó sì fi í ta ẹlòmíràn lọ́rẹ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ oko ti jẹ́ ọmọ kékeré tó, kí ó gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀. Ọmọ ayò 48 ni ó wà nínú rẹ̀. Egungun tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí ní ilẹ̀ Mòrókò fi hàn pé ó tó nǹkan bí ọdún 300,000 tí irú ènìyàn bí tiwa ti ń rìn lórí ilẹ̀. Bí a bá pín ọdún wọ̀nyí sí ọmọ ayò 48 náà, ọmọ ayò 46 ni yóò jẹ́ ti ọdẹ, ti apẹja, àti ti àwọn tí ń ṣa èso tí wọ́n sì ń wa iṣu nínú igbó. Méjì péré ni ó kù fún àgbẹ̀. Gbogbo àká, gbogbo ọjà, gbogbo ìlú olódi àti gbogbo adé tí a mọ̀ lórí ilẹ̀ ayé, inú ọmọ ayò méjì yìí ni wọ́n wà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òmùgọ̀ ni àwọn tí ó ni ọmọ ayò 46 náà. Ní ọdún 1987, ní abúlé Dufuna ní ilẹ̀ Yobe, ọkọ̀ ojú omi kan tí a fi igi gbẹ́ jáde láti inú ilẹ̀. Nǹkan bí ọdún 8,000 ni ọjọ́ orí rẹ̀. Kò tíì sí àgbẹ̀ ní agbègbè náà nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ní ọdún 1965, Thurstan Shaw àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ walẹ̀ ní Ìhò Elérú, ní ẹ̀bá Ìsàrun ní ilẹ̀ Oǹdó, wọ́n sì bá egungun ènìyàn kan níbẹ̀ tí ó ti lé ní ọdún 11,000. Àwọn òkúta kéékèèké tí wọ́n mú bí abẹ ni àwọn ará ìgbà náà fi ń ṣe irinṣẹ́. Ọdẹ ni wọ́n, abẹ́ àpáta sì ni ibùwọ̀ wọn. Láti gbé inú ẹgàn láìsí irin, láìsí ìbọn, kí ènìyàn sì bímọ kí ó sì tọ́ ọ dàgbà, ó gba ìmọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní láti mọ ewé tí ń pani àti ewé tí ń woni sàn. Wọ́n ní láti mọ ibi tí ẹran ń gbà lọ mu omi, àti oṣù tí igi wo ń so. Gúdúgúdú, iṣu igbó tí ó ní májèlé nínú, ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń sè é kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Ìmọ̀ tí a fi yanjú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ti òpè.

Òwe sọ pé bí ọdẹ bá ro ìyà tí ó jẹ ẹ́ nínú igbó, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Àmọ́ ẹran kò tó bọ́ ilé lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ọdẹ bá pa ẹtù, inú gbogbo ẹbí dùn. Ọjọ́ tí kò bá rí nǹkan kan pa, ohun tí wọ́n wà, tí wọ́n ṣa, tí wọ́n sì já ni wọ́n ń jẹ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó gbà pé àwọn obìnrin ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, àwọn ni wọ́n sì mọ ìwà ewéko ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìjálá yin ọdẹ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ni ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé orí iṣu tí a sọ nù sẹ́yìn àtíbàbà ní àná tún ti hù lónìí, ó ṣeé ṣe kí ìyá arúgbó kan ni ẹni náà, kí ó má jẹ́ ọkùnrin tí ó gbé ọrun kọ́ èjìká.

Báwo ni ènìyàn ṣe wá kúrò nídìí ọdẹ? Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ilẹ̀ Síríà, Páléstínì àti Tọ́kì, àwọn ènìyàn ti ń ṣa ọkà igbó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí wọn tó gbìn ín. Àlìkámà inú igbó kì í dúró de ẹni tí yóò kórè rẹ̀, bí ó bá ti gbó, a gbọ̀n dànù. Àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa di ara rẹ̀ mú. Irú èyí tí kò gbọ̀n yìí ni ó ń pọ̀ jù nínú agbọ̀n ẹni tí ń kórè, òun náà ni ó sì ń pọ̀ jù nínú irúgbìn tí ó ń fọ́n sílẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 10,000 sẹ́yìn, ọkà náà ti di ohun tí kò lè dá hù mọ́ láìsí ọwọ́ ènìyàn, ènìyàn náà sì ti di ẹni tí kò lè jẹun mọ́ láìsí ọkà. Àwọn méjèèjì ti so ara wọn pọ̀ bí tọkọtaya.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn ará Ṣáínà ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì, àwọn ará Mẹ́síkò sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú koríko kan tí ó di àgbàdo. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ara Mẹ́síkò láti ilẹ̀ Síríà, nítorí òkun wà láàárín wọn. Bí ọgbọ́n kan náà bá lè yọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ibi púpọ̀, kí ni yóò mú kí ẹnikẹ́ni rò pé kò lè yọ ní ilẹ̀ Áfíríkà?

Ó sì yọ níbẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 11,000 títí dé nǹkan bí ọdún 5,000 sẹ́yìn, koríko àti adágún odò ni ó wà níbi tí aṣálẹ̀ Sàhárà wà lónìí. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, àwọn ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn wọn ń sún bọ̀ níhà gúúsù. Ní ilẹ̀ Màlì, wọ́n ti sọ jéró inú igbó di ti oko ní nǹkan bí ọdún 4,500 sẹ́yìn. Ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gánà, àwọn ará Kintampo ìgbàanì ń jẹ ẹ̀wà, jéró àti èkùrọ́ ní nǹkan bí ọdún 4,000 sẹ́yìn, wọ́n sì ń sin ewúrẹ́ àti àgùntàn. Síbẹ̀ wọn kò pa ọdẹ ṣíṣe tì. Egungun ẹran igbó ń bẹ nínú ààtàn wọn pẹ̀lú ti ẹran ilé.

Ọ̀rọ̀ iṣu wá ni ó ṣòro fún àwọn awalẹ̀pìtàn. Ọkà tí iná bá jó di èédú lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún 5,000, kí a sì rí i kí a mọ̀ ọ́n. Iṣu kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá jẹ ẹ́ tán, ó parí. Bí ó bá rà, ó di ilẹ̀. Nítorí náà, fún ọjọ́ pípẹ́, àwọn tí ń wá irúgbìn àtijọ́ kò rí nǹkan kan nínú igbó tiwa, àwọn kan nínú wọn sì yára sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tí kò rí ẹsẹ̀ ẹran lójú ọ̀nà kò ní láti búra pé ẹran kò gba ibẹ̀ kọjá.

Iṣu fúnra rẹ̀ ni ó wá jẹ́rìí ara rẹ̀. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ kan, tí Nora Scarcelli ṣáájú wọn, yẹ àbùdá inú iṣu oko àti ti àwọn ìbátan rẹ̀ tí ó wà nínú igbó wò. Wọ́n rí i pé ọmọ iṣu igbó ilẹ̀ wa ni iṣu funfun tí à ń gún níyán. Wọ́n sì ní agbègbè odò Ọya, láti ìlà oòrùn Gánà títí dé ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, ni ó ti kọ́kọ́ di ti oko. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ mìíràn tún sọ pé iṣu inú ọ̀dàn àti iṣu inú igbó kìjikìji ni ó jọ bí i. Wọ́n lè máa jiyàn lórí pé òbí kan ni tàbí méjì. Àwọn méjèèjì kò jiyàn lórí ilẹ̀ tí a ti bí i. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni àlejò tí ó bá ọkọ̀ òkun wá láti Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 1492. Ewùrà pẹ̀lú, láti ilẹ̀ Éṣíà ni ó ti wá. Onílé ni iṣu funfun.

Ohun tí ó yani lẹ́nu jù lọ ni pé iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ní ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, tí à ń pè ní Dàhòmì tẹ́lẹ̀, H. D. Mignouna àti A. Dansi tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2003 nípa àwọn àgbẹ̀ Nàgó àti Fọ̀n. Yorùbá ni àwọn Nàgó. Ìwádìí náà fi hàn pé àwọn àgbẹ̀ kan láàárín wọn ṣì ń lọ wa iṣu igbó, wọ́n ń gbé e wá sí oko, wọ́n sì ń sọ ọ́ di iṣu ilé. Iṣu igbó a máa gùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀, a sì máa ní ẹ̀gún. Àgbẹ̀ náà yóò gbìn ín sínú ebè, yóò mú èyí tí ó bá sàn nínú rẹ̀ ṣe èbù, yóò tún un gbìn, yóò tún un ṣà. Bí ó ti ń ṣe é láti ọdún dé ọdún ni iṣu náà ń yí padà, títí yóò fi sanra, tí yóò fi tẹ́ ẹni tí ń gún iyán lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ inú àwọn iṣu yòókù, tí a óò sì fún un lórúkọ.

Kí olùkọ́ tí ń kọ́ni ní ìtàn ro èyí wò dáadáa. Ohun tí àwọn ìwé sọ pé ó ṣẹlẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, tí ó sì ti parí, àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá ni a bá tí wọ́n ṣì ń ṣe é. Ẹni tí ó ń ṣe é kò sì fi ọdẹ sẹ́yìn, nítorí ẹni tí kò bá mọ inú igbó kò lè mọ ibi tí iṣu igbó wà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mọ èyí tí ó yẹ ní mímú wálé.

Àwọn igi wa pẹ̀lú sọ irú ìtàn kan náà. Láti ayébáyé, bí àgbẹ̀ bá ń ṣán oko, ó mọ àwọn tí àdá kì í kàn. Ní ilẹ̀ igbó, a dá ọ̀pẹ sí; ní ilẹ̀ ọ̀dàn, a dá igi ẹmì àti igi irú sí. Ẹnikẹ́ni kò gbìn wọ́n, síbẹ̀ wọn kì í ṣe igi igbó mọ́. Wọ́n ní olówó, wọ́n sì lè di ẹjọ́ láàárín ìdílé méjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adebisi Sowunmi ti Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó yẹ lẹ́búlẹ́bú òdòdó àtijọ́ tí ó wà nínú ilẹ̀ wò, fi hàn ní ọdún 1981 pé ọ̀pẹ pọ̀ sí i lójijì ní nǹkan bí ọdún 2,800 sẹ́yìn, ó sì rí ọwọ́ àgbẹ̀ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bọ́lọ̀ tí ń hù níbi tí iná ti jó, ìgbín tí àwọn ọmọdé ń ṣà lẹ́yìn òjò, àti olú tí à ń já ní ẹ̀bá ọ̀gán. Nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa, ọdẹ, aṣàjẹ àti àgbẹ̀ ṣì jọ ń jẹun pọ̀.

A tún ní ẹlẹ́rìí kan tí a ti bọ fún ọjọ́ pípẹ́ láìmọ iṣẹ́ tí ó ti ṣe rí. Àgbẹ̀ a máa bá òkúta dúdú kan pàdé nínú ebè, tí ẹnu rẹ̀ mú tí ara rẹ̀ sì dán. A ní ẹdùn àrá ni, pé Ṣàngó ni ó sọ ọ́ láti òkè, a sì gbé e lọ sí ojúbọ. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní àáké òkúta ni ọ̀pọ̀ wọn, tí àwọn ará àtijọ́ lọ̀ títí ó fi mú kí irin tó dé. Irú àáké bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ fi ń gé igi. Kò yẹ kí èyí bí oníṢàngó nínú. Bí ó bá jẹ́ irinṣẹ́ àwọn tí ó kọ́kọ́ la igbó fún wa ni a gbé sórí odó Ṣàngó, ta ni yóò sọ pé àyè náà kò tọ́ sí i?

Àṣà ti mọ ohun tí ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wádìí. Òrìṣà Oko ni ó ni iṣẹ́ àgbẹ̀, Ìràwọ̀ sì ni orísun rẹ̀. Ìtàn kan tí a ń sọ nípa òrìṣà yìí ni pé ọdẹ ni ó jẹ́ kí ó tó di baba àgbẹ̀. Ògún náà, òun ni ó ni ọdẹ, òun náà ni àwọn tí ń lo ọkọ́ àti àdá ń bọ. Ìtàn ìtẹ̀dó àwọn ìlú wa kò yàtọ̀. Ògúnlọlá tí ó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, ọdẹ ni. Olútìmẹ́hìn tí a ń dárúkọ mọ́ Lároóyè nínú ìtàn Òṣogbo, ọdẹ ni. Ọdẹ ni ó ń rí ilẹ̀, oko ni ó ń tẹ̀lé e, ìlú ni ó sì ń gbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá ka ìtàn wọ̀nyí sí àlọ́ lásán ti sọ ìwé ìtàn nù nítorí pé a kò fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni èèwọ̀ iṣu tuntun. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń fi ẹni tí kò jẹ́ fi ẹnu kan iṣu kí ọdún ìjẹṣu tó dé ṣe ẹlẹ́yà. D. G. Coursey, tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ẹ̀kọ́ nípa iṣu, kọ̀wé ní ọdún 1971 nípa ọdún ìjẹṣu ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó sì rí ipa àtijọ́ nínú rẹ̀, láti ìgbà tí inú igbó ni a ti ń wa iṣu. Ọ̀rọ̀ náà bá ọgbọ́n orí mu. Ẹni tí ó bá wu iṣu kí ó tó gbó ti pa èbù ọdún tí ń bọ̀. Bí ebi bá ń pa ènìyàn, ìmọ̀ràn lásán kò lè dá a dúró, òfin tí òrìṣà bá fi ọwọ́ sí nìkan ni ó lè dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Òfin ìpamọ́ èbù ni àwọn baba wa fi èèwọ̀ bò.

Àwọn kan yóò ní oko kò ṣe ènìyàn ní àǹfààní tó bí a ti ń pariwo rẹ̀. Òdodo díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ní ibi púpọ̀ lórí ilẹ̀ ayé, egungun àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ kúrú ju ti àwọn ọdẹ tí ó ṣáájú wọn lọ, eyín wọn sì bàjẹ́ jù. Ní ọdún 1958, Frank Livingstone ti Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé igbó ṣíṣán ni ó fi àyè sílẹ̀ fún omi tí ẹ̀fọn ń yé sí, tí ibà fi gbilẹ̀, tí àbùdá fòníkú-fọ̀ladíde sì fi ń pọ̀ sí i nítorí ààbò tí ó ń fún ẹni tí ó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn ti wí lẹ́yìn rẹ̀ pé àbùdá náà lè dàgbà ju oko inú igbó lọ. Bí ó ti wù kí ó rí, oko gba owó orí lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n òun ni ó bí àká, àká ni ó bí ọjà, ọjà ni ó sì bí ìlú tí alágbẹ̀dẹ, onílù, babaláwo àti akọ̀wé fi lè jókòó sídìí iṣẹ́ wọn. Ilẹ̀kùn tí a ti gbà wọlé ti tì, kò sí ẹni tí yóò padà sí Ìhò Elérú.

Ewu tí ó wà nílẹ̀ nísinsin yìí kò sí nídìí àná, ọ̀la ni ó wà. Nàìjíríà nìkan ni ó ń pèsè ju ìdajì iṣu gbogbo ayé lọ. Síbẹ̀ igbó tí iṣu igbó ń gbé ń tán lójoojúmọ́, nítorí pákó, nítorí èédú, nítorí ilé kíkọ́. Bí àrùn titun bá kọlu iṣu oko lọ́la, inú àwọn ìbátan rẹ̀ nínú igbó ni a óò ti wá èyí tí ara rẹ̀ le. Bí wọ́n bá ti parun, ọ̀dọ̀ ta ni a óò lọ? Ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967 tọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi iṣu pamọ́, ó sì ṣeun. Ṣùgbọ́n èbù tí a pamọ́ kò lè sọ orúkọ ara rẹ̀, kò lè sọ bí a ti ń sè é, kò sì lè sọ bí a ti ń mú un wálé láti inú igbó. Orí àwọn àgbà ni ìyẹn wà.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn olùkọ́ yéé fi oko ṣe ìjìyà fún ọmọ tí ó bá pẹ́ dé ilé-ìwé. Ọmọ tí a bá fi ọkọ́ nà kò lè fẹ́ràn ọkọ́. Kí wọn kó àwọn ọmọ lọ bá ọdẹ àgbà àti ìyá àgbà, kí wọn kọ orúkọ ewé, igi àti iṣu igbó sílẹ̀, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ń hù sí àti ohun tí a ń fi wọ́n ṣe. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ìwádìí gidi. Kí àwọn ọba àti ìjòyè sì dá igbó díẹ̀ sí lórí ilẹ̀ wọn, bí a ti ń dá ọ̀pẹ sí.

Ní ti àwọn àgbà, ọ̀rọ̀ wọn kò gùn. Wọ́n ní bí iṣu ẹni bá ta, a máa ń fi ọwọ́ bò ó jẹ. Òwe náà dára fún iṣu inú abọ́. Iṣu tí a wí yìí, ẹni tí ó bá fi ọwọ́ bò ó, òun àti ọmọ rẹ̀ ni yóò jọ pàdánù rẹ̀.